Ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń sun: ṣé inú ni kí n ti wọ̀ ọ́ láṣọ ni, àbí ìta?

Onílé_Tuntun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo bá wá, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń rò ó kí n tó kọ ọ́ síbí. Yàrá tí èmi àti ìyàwó mi ń sùn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni wọ́n fi kọ́ ọ, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ tinú tìta, ọ̀dà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, kò sì sí igi tàbí ilé mìíràn tó ṣíji bò ó. Láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni oòrùn yóò ti dojú kọ ọ́ títí tí yóò fi wọ̀. Bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láti inú yàrá ní aago mẹ́jọ alẹ́, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé mo gbé e lé ara ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi títí di ọ̀gànjọ́, owó iná sì ń gun òkè lóṣooṣù.

Oníṣòwò kan gbé fọ́ìlì kan wá bá mi. Fóòmù tín-ínrín wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò sì nípọn ju mìlímítà 4 lọ. Ó ní bí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti inú, iṣẹ́ tí òwú òkúta (òkúta tí wọ́n yọ́, tí wọ́n sì sọ di fọ́nrán bí òwú láti fi dá ooru dúró) tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 ń ṣe ni yóò ṣe. Ìbéèrè mi kò pọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òótọ́, kí ni kí n fi wọ ògiri yìí láṣọ, ìyẹn ni pé kí n fi bò ó kí ooru má bàa gba inú rẹ̀ kọjá, báwo ni kó ṣe nípọn tó, ṣé inú ni kí n sì ti ṣe é, àbí ìta?

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ káàbọ̀, Onílé_Tuntun. Ohun tí oníṣòwò yẹn sọ kò rí bẹ́ẹ̀, màá sì fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín kí ẹ lè rí ohun fi dá a lóhùn bó bá padà wá.

Òwú òkúta ni o, òwú gíláàsì ni o, fóòmù, bébà tí a lọ̀, kọ́ọ̀kì, ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń dá: wọ́n ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú ihò wẹ́wẹ́ kí ó má lè rìn. Afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í tètè jẹ́ kí ooru kọjá. Nọ́ńbà tí a fi ń díwọ̀n bí ooru ṣe ń rọrùn láti gba inú ohun kan kọjá jẹ́ nǹkan bí 0.025 fún afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, ó wà láàárín 0.03 sí 0.04 fún òwú òkúta, òwú gíláàsì àti fóòmù funfun, ó jẹ́ nǹkan bí 0.13 fún pákó, 0.7 tàbí 0.8 fún bíríkì, ó sì lé ní 1.5 fún kọnkéré tó ki dáadáa. Ti alumíníọ́mù lé ní 200. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ohun náà ṣe ń dá ooru dúró tó.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ògiri bíríkì tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 22, tí gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ 10 m², kí ìgbóná ẹ̀gbẹ́ kan sì fi 20°C ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ooru tí yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá yóò tó nǹkan bí wáàtì 440. Bí a bá fi òwú òkúta tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 wọ̀ ọ́, wáàtì 440 yẹn yóò já sí nǹkan bí 106. Bí òwú náà bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, yóò já sí 60; bó bá jẹ́ 20, yóò já sí 32. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 5 àkọ́kọ́ dá wáàtì tó lé ní 330 dúró, nígbà tí sẹ̀ǹtímítà 10 tó kẹ́yìn kò dá ju 28 lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má fi gbogbo owó wọn ra ìnípọn. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò tiyín kò jìnnà sí ti bíríkì yìí.

Ní ti fọ́ìlì mìlímítà 4, bí a bá lẹ̀ ẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ́ mọ́ ògiri, wáàtì 440 náà kò ní lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 350 lọ. Fọ́ìlì kò wúlò láìsí àyè níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kì í ta ìtànṣán ooru jáde bí àwọn ohun mìíràn ṣe ń ta á, ṣùgbọ́n ohun tó bá fara kan án ní tààrà, ooru yóò bá ibẹ̀ kọjá ni, nítorí irin ni. Bí ẹ bá fi àlàfo bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ẹ sì dí àlàfo náà kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ gba inú rẹ̀, àlàfo yẹn yóò dá ooru dúró ju ìlọ́po méjì àlàfo tí kò ní fọ́ìlì lọ. Ìyẹn náà kò tíì dé ìdá kan nínú mẹ́rin iṣẹ́ òwú sẹ̀ǹtímítà 10.

Ojú_Lalákàn

Ẹ má bínú sí mi, ẹ ti fo ìbéèrè àkọ́kọ́. Ọkùnrin yìí sọ fún wa pé oòrùn ń sun ògiri òun láti aago mẹ́ta títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìnípọn òwú fún un. Kí ló dé tí a kò ní kọ́kọ́ ká oòrùn náà lọ́wọ́ kò? Ọ̀dà funfun tó mọ́ máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán oòrùn padà, ọ̀dà tó pọ́n tàbí tó dúdú sì máa ń gbé e mì. Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni kíkun ọ̀dà.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ rántí pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í wá láti òkè. Ó ti rẹlẹ̀, iwájú ló ti ń wọlé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan yín pé kí ẹ fa etí òrùlé gùn síwájú láti ṣíji bo ògiri ìwọ̀-oòrùn. Abẹ́ rẹ̀ ni oòrùn yóò gbà. Ohun tó dúró lóòró ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí igi, bí ewéko tó ń fà lórí àwọ̀n tó jìnnà díẹ̀ sí ògiri, tàbí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò lóròó.

Ẹ tún wo òkè orí yín. Òrùlé ló ń gba oòrùn ọ̀sán gangan, bí kò bá sì sí ohunkóhun láàárín páànù àti àjà, ògiri tí ẹ bá wọ̀ láṣọ dà bí ẹni tó wọ agbádá tí kò dé fìlà nínú òjò. Fèrèsé ńkọ́? Gíláàsì lásán tí oòrùn ń wọ̀ lè kó ooru wọ yàrá ju ògiri tó wà láyìíká rẹ̀ lọ. N kò sọ pé wíwọ ògiri láṣọ kò dára o. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú.

Onílé_Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Ojú_Lalákàn, mo ti tẹ́ òwú gíláàsì sórí àjà lọ́dún tó kọjá, aṣọ fèrèsé tó nípọn sì wà. Ògiri nìkan ló kù. Ti ọ̀dà yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Bíríkìlà_Àgbà

Àbúrò mi, mo kí ọ. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá pè mí wá sídìí ògiri ni pé: ṣé ògiri náà gbẹ? A kì í wọ aṣọ lé ara tó tutù. Omi máa ń jẹ́ kí ooru kọjá ní ohun tó ju ogún ìlọ́po ti afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà òwú tó bá ti mu omi kì í ṣe òwú mọ́, ẹrù lásán ni ògiri ń rù. Bí ọ̀rinrin bá ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá, tàbí tí páìpù kan ń jò nínú ògiri, ohun yòówù kí o fi bò ó yóò há omi náà mọ́ inú ni, sìmẹ́ńtì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, yóò máa re bí èèpo.

Ọ̀nà tí o lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò kò ná ọ ní nǹkan kan. Gé ọ̀rá tó mọ́ gaara ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó. Fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ara ògiri láti inú yàrá, má fi àyè kankan sílẹ̀, kí o sì fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí o bá padà wá tí o rí omi wíńníwínní lẹ́yìn ọ̀rá, níhà ibi tó ti kan ògiri, a jẹ́ pé inú ògiri ni omi wà. Bó bá jẹ́ iwájú ọ̀rá, níhà ọ̀dọ̀ rẹ, ni omi náà wà, afẹ́fẹ́ yàrá ló ti wá, ògiri kò jẹ̀bi. Ṣe é ní ibi mẹ́ta ó kéré tán, kí o sì rí i pé ọ̀kan sún mọ́ ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, yí ògiri náà po níta, kí o máa wo ibi tó ti sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kò sì tóbi tó aláǹgbá. Mo ti rí ilé tí wọ́n fi òwú tó nípọn bí apá wọ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ férémù fèrèsé bí ẹni pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Tan tùràrí ní ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, gbé e yí etí fèrèsé àti ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ká, kí o sì máa wo èéfín rẹ̀. Ibi tí èéfín bá ti yà bàrá, ibẹ̀ ni kí o dí.

Lórí pé inú ni àbí ìta, èmi fara mọ́ ìta. Ògiri búlọ́ọ̀kù wúwo, ó sì máa ń tọ́jú ooru pamọ́. Ohun tó gbà lọ́sàn-án ló ń dá padà fún ọ lálẹ́ yẹn. Bí o bá wọ̀ ọ́ láṣọ láti ìta, oòrùn kò ní rí i sun, ìwúwo rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ rẹ nínú yàrá, yóò máa tutù pẹ̀lú rẹ.

Ayálégbé

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún Onílé_Tuntun, nítorí pé inú ni a ti ṣe tiwa, ibi tí òtútù ti máa ń mú gan-an ni mo sì ń gbé. Ẹni tó ni ilé kò gbà kí a fọwọ́ kan ìta. Oníṣẹ́ kan wá, ó lẹ fóòmù sẹ̀ǹtímítà 4 mọ́ ògiri yàrá pẹ̀lú èékán àtè níbí àti lọ́hùn-ún, ó fi pátákó bò ó, ó kun ún, ó lọ. Lóṣù méjì àkọ́kọ́, ìdùnnú ni. A dín ẹ̀rọ amúlégbóná kù, ara wa sì le.

Nígbà tó di oṣù kẹta, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó fara ti ògiri náà, òórùn kan sì kọlù mí bíi ti aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ. Mo fà á kúrò. Ohun dúdú kan ti hu lára pátákó láti ìsàlẹ̀ dé orí eékún mi. A tú fóòmù náà: ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣàn fún omi, ara ògiri ń dán yinrinyinrin bíi gíláàsì fèrèsé tí wọ́n mí lé. Ògiri náà kò jò o. Kò sí páìpù níbẹ̀, òjò kò sì rọ̀ lóṣù náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá mọ bí omi ṣe dé ẹ̀yìn fóòmù yẹn, kó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa, nítorí oníṣẹ́ náà sọ pé èémí wa ló fà á, ó sì lọ.

Ayàwòrán_Ilé

Ayálégbé, ẹ pẹ̀lẹ́. Oníṣẹ́ yẹn kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ. Èémí yín, omi tí ẹ fi wẹ̀, aṣọ tí ẹ sá sínú ilé, gbogbo rẹ̀ ń di ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gbé ọ̀rinrin púpọ̀, afẹ́fẹ́ tútù kò lè gbé e, bó bá sì tutù dé ìwọ̀n kan, yóò sọ ọ́ kalẹ̀ bí ìrì. Afẹ́fẹ́ yàrá tó wà ní 20°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ ìrì lé ohunkóhun tó bá tutù dé 12°C. Kí ẹ tó fi fóòmù sí i, ooru yàrá ń gba inú ògiri kọjá, ó sì ń mú kí ojú ògiri lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí fóòmù dé, ooru kò dé ọ̀dọ̀ ògiri mọ́, ògiri wá tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èyí kò burú fúnra rẹ̀, ó fi hàn pé fóòmù ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀bi náà wà lọ́wọ́ èékán àtè yẹn: ó fi àlàfo sílẹ̀ láàárín fóòmù àti ògiri, afẹ́fẹ́ yàrá gba etí pátákó wọ ibẹ̀, ó bá ògiri tútù pàdé, ìrì sì sẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó fi àtè kun gbogbo ojú fóòmù ni, tó sì fi téèpù dí oríkèé àti etí rẹ̀ gbogbo, ọ̀rọ̀ kì bá tí dé ibẹ̀. Ilé tí a bá sì ti dí báyìí gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti jáde, pàápàá ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná. Bí ohun tó ń jó epo tàbí gáàsì bá wà nínú ilé, ìyẹn kúrò ní ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Onílé_Tuntun, ìdí tí mo fi sọ èyí gùn ni pé ti ibi ooru yí padà pátápátá. Níbi tí òtútù wà, ọ̀rinrin ń ti inú ilé lọ síta. Níbi tí ó ti gbóná tí afẹ́fẹ́ sì rin, tí ẹ wá fi ẹ̀rọ mú inú yàrá tutù, ìta ni ọ̀rinrin ti ń bọ̀ wá sínú. Afẹ́fẹ́ ìta tó wà ní 30°C, tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ ìrì láti 25°C. Bí yàrá yín bá wà ní 22°C, a jẹ́ pé ojú ògiri ti inú tutù tó láti sẹ ìrì fún afẹ́fẹ́ ìta tó bá ráyè dé ibẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rá tàbí ohunkóhun tó ń dí ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà níhà tó gbóná: níhà inú fún ibi òtútù, níhà ìta fún ibi ooru. Àwọn tó ń ka ìwé iṣẹ́ ibi òtútù tí wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi ooru ti ba ògiri tó pọ̀ jẹ́. Bákan náà ni bébà ògiri oníke tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohun dúdú náà ti máa ń hu.

Èmi náà fara mọ́ ìta, bíi ti Bàbá Bíríkìlà. Àfi kí n fi gbólóhùn kan kún un: bó bá jẹ́ pé alẹ́ nìkan ni ẹ ń lo yàrá náà, tí ẹ sì fẹ́ kó tutù kíákíá bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ, wíwọ̀ ọ́ láṣọ láti inú máa ń tètè so èso, torí pé ẹ̀rọ kò ní kọ́kọ́ máa bá ìwúwo ògiri jà. Síbẹ̀, àyè yàrá yóò dín kù, òpó kọnkéré àti etí dẹ́kì tó wọnú ògiri yóò sì máa bá a lọ láti gbé ooru wọlé, nítorí ẹ kò lè fi aṣọ bò wọ́n láti inú. Láti ìta, ẹ ó fi bo gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Oníṣẹ́_Iná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé wáyà. Mo máa ń bá èyí pàdé lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn bá ti lọ tán. Wáyà tí iná ń gbà inú rẹ̀ máa ń gbóná díẹ̀, afẹ́fẹ́ tàbí ògiri tó yí i ká ló sì ń gba ooru náà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi òwú dì í mọ́lẹ̀ yíká, ooru kò rí ibi lọ. Nínú ìlànà BS 7671 tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáyà tí ohun adènà ooru bá bò láyìíká fún ìdajì mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì péré nínú iná tó yẹ kó gbé ni a óò kà fún un. Nítorí náà, wáyà ẹ̀rọ amúlétutù tó ti ń ṣiṣẹ́ déédéé láti ọjọ́ pípẹ́ wá lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ògiri láṣọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Èkejì kò gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Fóòmù funfun, ìyẹn polystyrene, àti rọ́bà PVC tó bo wáyà kò gbọ́dọ̀ máa fara kan ara wọn. Ohun tó ń mú kí rọ́bà náà rọ̀ máa ń jáde wọnú fóòmù díẹ̀díẹ̀. Fóòmù yóò jẹrà níbi tí wáyà ti kàn án, rọ́bà yóò sì gan, yóò máa kán bí a bá tẹ̀ ẹ́. Mo ti fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ jáde rí tí èèpo rẹ̀ ń já lọ́wọ́ mi bí èèpo ẹ̀pà. Ẹ fi wáyà sínú páìpù kí fóòmù tó dé, kí ẹ sì fa àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ́ síwájú.

Panápaná_Tó_Fẹ̀yìntì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, ẹnikẹ́ni kò sì tíì dárúkọ iná tó ń jó. Fóòmù funfun máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 100°C, ó máa ń yọ́, ó sì máa ń jó, èéfín rẹ̀ sì dúdú kirimú. Òwú òkúta kì í jó. Ó gbọ́dọ̀ gbóná ju 1000°C lọ kí fọ́nrán rẹ̀ tó yọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, iná tó bẹ̀rẹ̀ láti ara fìríìjì kan ní àjà kẹrin ilé Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù gba ara ohun tí wọ́n fi bo ògiri ìta gun òkè, ènìyàn 72 sì kú. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi ike polyethylene sí àárín rẹ̀ ló wà níta pátápátá, fóòmù tó ń jó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àlàfo tí iná gbà bíi ti ihò èéfín.

Ilé ilẹ̀ kan kò dà bí ilé alájà 24, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ògiri yẹn bá wà nítòsí ibi tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí, tàbí ibi tí ilé ẹlòmíràn sún mọ́ tiyín, òwú òkúta ni kí ẹ lò. Bó bá sì jẹ́ fóòmù ni ẹ yàn, kí sìmẹ́ńtì tó wà lórí rẹ̀ bò ó délẹ̀, kí ó má sí ibi tó ṣí sílẹ̀ láyìíká fèrèsé.

Bíríkìlà_Àgbà

Ọ̀gá Panápaná, ẹ ṣeun. Kí n fi ti ikán kún un kí n tó gbàgbé. Ohunkóhun tí o bá fi wọ ògiri láti ìta, má jẹ́ kó kan ilẹ̀. Jẹ́ kó dúró ní sẹ̀ǹtímítà 15 sókè. Ikán máa ń gbẹ́ ọ̀nà gba ẹ̀yìn fóòmù lọ dé òrùlé láìjẹ́ pé o rí i. Ibi tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni ojú rẹ yóò ti máa rí i bó bá ń gòkè. Omi òjò tó ń ta láti ilẹ̀ náà kò sì ní máa rin ín.

Onílé_Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti kọ ìbéèrè mi síbí, mo sì jẹ yín ní gbèsè àbọ̀.

Mo lẹ ọ̀rá mọ́ ibi mẹ́rin. Mẹ́ta gbẹ, ìkẹrin, tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ilé ìwẹ̀, ní omi lẹ́yìn. Páìpù kan ló ń jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú ògiri, ó sì dà bí ẹni pé ó ti pẹ́. A tún un ṣe, mo sì ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ibẹ̀ gbẹ. Láàárín àkókò yẹn, mo kun ìta ní funfun gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Ojú_Lalákàn ti wí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ọ̀dà nìkan ti dín ìgbóná ògiri náà kù débi pé mo fẹ́ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń sinmi ní nǹkan bí aago mọ́kànlá dípò ọ̀gànjọ́.

Síbẹ̀, a ṣe é. Òwú òkúta tó le bíi pátákó, sẹ̀ǹtímítà 6, ni a fi wọ̀ ọ́ láti ìta. Mo dúró ti oníṣẹ́ náà títí tó fi kun àtè yí etí pátákó kọ̀ọ̀kan ká, tó tún fi èékán mẹ́ta sí àárín rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má bàa rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ìṣó olórí pẹrẹsẹ gbá a mọ́ búlọ́ọ̀kù, ó tẹ́ àwọ̀n sínú sìmẹ́ńtì, ó sì tún kun ún ní funfun. Sẹ̀ǹtímítà 15 ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀. Wáyà ẹ̀rọ amúlétutù ti wà nínú páìpù, Oníṣẹ́_Iná.

Ní alẹ́ àná, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri náà ní aago mẹ́jọ. Kò tutù, kò sì gbóná. Ńṣe ló dà bí ògiri yàrá kejì tí oòrùn kì í dé rárá. Ẹ̀rọ sinmi kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Àfi ibì kan ṣoṣo: lókè fèrèsé, ìlà kan tó gùn bí apá mi ṣì ń gbóná, mo sì lè fi ìka tọ etí rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì. Kí nìyẹn?

Ayàwòrán_Ilé

Líńtẹ̀lì ni, ìyẹn òpó tí wọ́n dá bùúlẹ̀ sórí fèrèsé láti gbé búlọ́ọ̀kù òkè rẹ̀ ró. Kọnkéré ni, ó ki ju búlọ́ọ̀kù oníhò lọ, ó sì dájú pé oníṣẹ́ yín dá òwú náà dúró sí etí ojú fèrèsé, kò yí i wọnú ọrùn rẹ̀, ìyẹn ara ògiri tó wà nínú ihò fèrèsé, títí tó fi kan férémù. Ibi tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni ooru ń gbà dé ara líńtẹ̀lì. Kò sí àyè fún sẹ̀ǹtímítà 6 níbẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 yóò wọ̀ ọ́ láìbo férémù mọ́lẹ̀. Kí ẹ wọ̀ ọ́ lókè àti ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Onílé_Tuntun

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ wò ó pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí: òwú náà dúró sí etí, sìmẹ́ńtì lásán ló wà nínú ọrùn fèrèsé. Ó ku pátákó méjì ààbọ̀ nínú èyí tí a rà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo kó wọn sí. Mo ti pe oníṣẹ́ náà, ó ní òun lè fi ayùn là wọ́n sí méjì kí wọ́n di sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta-mẹ́ta.